Isoflurane fún ọmọdé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ akunilóorun ni. Oògùn akunilóorun halothane la máa ń fún ọmọdé fà símú tẹ́lẹ̀: òórùn rẹ̀ ò le, kì í sábà mú wọn wúkọ́, bó tilẹ̀ lè da lílù ọkàn rú. Isoflurane, tí wọ́n ń fà símú bákan náà, nìkan ló kù lọ́wọ́ wa báyìí. MAC rẹ̀ (ìwọ̀n oògùn nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ìdajì àwọn aláìsàn ò fi ní mira bí a bá gé wọn) tó 1.2% lára àgbàlagbà, ti halothane jẹ́ 0.75%, ìyẹn ò ṣòro. Òórùn rẹ̀ tó ń ta ni lọ́fun ló ń bà mí lẹ́rù, kí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ má lọ fún pọ̀. Sevoflurane, oògùn àfàsímú mìíràn, ì bá dára jù, owó rẹ̀ ló ga. Mo mọ̀ pé a lè kọ́kọ́ fún wọn ní propofol, oògùn akunilóorun tí a ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ọmọ tí a ò tètè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?