Kí la lè ṣe sí èso kajú àsè tó ṣì ń há ọ̀fun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà. Hóró kajú là ń tà, èso rẹ̀ ń jẹrà lábẹ́ igi. À ń sè é kúnná bí wọ́n ṣe ń sè ápù lókè òkun, ká lè fi jẹ búrẹ́dì. Àmọ́ ó ṣì ń há ọ̀fun.

Kílò 3 èso tó bọ́ lọ́jọ́ náà ni à ń lò. Èyí tó bá ti là kì í pẹ́ kan. A ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ (gíráàmù 20 sí lítà 1), a ó fi ooru omi sè é fún ìṣẹ́jú 15, a ó fún oje rẹ̀ dànù, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ṣúgà ife 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 2, iná kékeré, ìṣẹ́jú 30, ká máa rò ó kó má baà jó nídìí. Ọ̀bẹ tó ń dípẹtà kò gbọdọ̀ kàn án o, á dúdú bí aró.

Ṣé ká sè é lẹ́ẹ̀mejì ni, àbí omi ìrẹsì tí wọ́n fi ń fa híhá kúrò nínú oje lè ṣiṣẹ́ fún èyí tó ki?

Èkejì: a fi omi híhó fọ ìgò, a dé e nígbà tó ṣì gbóná, síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin ó ń hó fòfò, ìdérí á wú. Ṣé ká tún se ìgò náà nínú omi lẹ́yìn tí a bá dé e? Ìṣẹ́jú mélòó? Ẹni tí kò ní fíríìjì la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ jù.