"Àkọpamọ́" kò yẹ búlọ́ọ̀gù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí a máa pe búlọ́ọ̀gù, ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún aráyé kà, ní "àkọpamọ́", nítorí pé ohun tí a bá kọ síbẹ̀ kì í sọnù, ó sì fi "pa òfin mọ́" inú Bíbélì gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Nínú "pa òfin mọ́", òfin ló wà láàárín "pa" àti "mọ́". Bí a bá ti yọ ọ́ kúrò, tí méjèèjì wá so pọ̀, ohun tí a fi bò ni etí Yorùbá ń gbọ́: olè fara pamọ́, ìyálé fi owó pamọ́ sábẹ́ ẹní. Owó ìpamọ́ pàápàá, ta ní í tẹ́ ẹ síta kí ayé máa wò ó?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Jorn Barger ará Amẹ́ríkà, tó sọ ojú ewé tirẹ̀ ní weblog (ibẹ̀ ni "búlọ́ọ̀gù" ti wá) lọ́dún 1997, ń to ohun tó rí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ kí ẹlòmíràn lè bá a kà á. Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2006, ìpolówó ọjà sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ọmọkùnrin kan ní Baghdad, olú ìlú Ìráàkì, tó pe ara rẹ̀ ní Salam Pax. Raed ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń kàwé ní Jọ́dánì, kì í tètè fèsì lẹ́tà, ni Salam bá ń kọ ohun tó fẹ́ bá a sọ sórí búlọ́ọ̀gù. Nígbà tí ogun ọdún 2003 dé, àwọn tí kò mọ Raed rí kárí ayé ló ń ka ohun tí a kọ fún un. Orúkọ ara rẹ̀ ni Salam fi pamọ́, nítorí ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní gbangba.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ní olùkọ́ àgbà ni bàbá òun, tún kọ ọ́ ní "àkọ́pamọ́". Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n "kọ́" olóhùn òkè, ẹ̀kọ́ ló ń sọ, kì í ṣe ìwé kíkọ.

"Àkọsíta" ni tèmi. Ẹni tó ń kọ ọ́ á sì jẹ́ alákọsíta, nítorí bí a bá pè é ní "akọsíta", ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kọ ọ́, àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ sì pọ̀ láàárín wa níbí.