Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: synth wo ló lè sọ̀rọ̀ bíi gángan?

Atẹdùùrù Ìbàdàn:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ìbàdàn ni mo wà. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nílé, mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin tí kò ní ohùn ènìyàn nínú, ìlù àti synth (ẹ̀rọ orin tó ń fi iná dá ìró sílẹ̀) nìkan. Ohun tí mo ń wá ni pé kí synth yẹn máa sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kó máa dún lásán. Mo fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá gbọ́ ọ kó mọ̀ pé "ẹ káàbọ̀" ló ń wí. Kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò ní ìró gángan nínú lóòótọ́, àmọ́ ìlù kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n wá pín in ká orí gbogbo bọ́tìnnì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á dún lókè, á dún nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ á kàn gé sí wẹ́wẹ́.

Mo ti tọ́jú ₦600,000. Ẹnì kan ní Èkó ní Roland Juno-106 tí wọ́n kó wọlé láti Japan. Owó rẹ̀ ju tọwọ́ mi lọ dáadáa, àmọ́ ó ní òun á gbà á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù náà lè bá mi ra Korg monologue tàbí Korg MS-20 mini. Analog ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iná ló ń dá ìró wọn fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun.


Oníṣẹ́ Iná Mushin:

Àbúrò, jẹ́ kí n tètè sọ ti Juno yẹn kí o tó san kọ́bọ̀. Synth tó dára ni, mi ò ní tàbùkù rẹ̀. Ọdún 1984 ló jáde, ohùn mẹ́fà ló lè dún pa pọ̀. Ṣùgbọ́n chip kan ló ń gbé ohùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi oje líle bo àwọn chip yẹn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, oje yẹn máa ń bàjẹ́, ohùn kan á máa há, òmíràn á dákẹ́ pátápátá. Gbogbo ẹni tó ń tún synth ṣe ló mọ̀ ọ́n. Bó bá ń dún lónìí, béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ wọn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ohun tí ò ń bi í, padà sílé.

Èkejì ló tún wá burú jù. Èyí tí wọ́n ṣe fún Japan, iná 100 volt ló ń jẹ. Tiwa níbí 230 ni lórí ìwé, ìwọ náà sì mọ ohun tó ń jáde lára ògiri bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n ki bọnu ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí èéfín sì sọ. Ó ní láti ní transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀, kí stabilizer tún wà níwájú ìyẹn. Níbo ni ₦600,000 dé nígbà náà?

Monologue ń lo bátìrì mẹ́fà, irú èyí tí à ń kì sí rìmóòtù tó tóbi díẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, ìyẹn nìkan tó láti mú un. Bí o bá fẹ́ gba orin sílẹ̀, yọ wáyà iná kúrò lára synth àti lára kọ̀ǹpútà, kí àwọn méjèèjì máa lo bátìrì. Ìkùn jẹnẹrétọ̀ tó máa ń wọnú orin kò ní ríbi gbà wọlé.


Bọ̀dá Peckham:

Mo kí gbogbo ilé o. MS-20 mini wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1978, Korg tún un ṣe ní kékeré ní 2013. Ìdí tí mo fi rà á jọ ti àbúrò wa yìí gan-an. Lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó ní ibì kan tí o lè ki máìkì sí. Á gbọ́ bí ohùn tó wọlé ṣe ga tó, á sọ ọ́ di iná, iná yẹn ni yóò sì máa darí synth. Bí o bá ń kọrin sí i, synth á máa tẹ̀ lé ọ.

Mo gbé gángan tí mo rà ní Ọ̀yọ́ síwájú máìkì, mo rò pé ìṣòro mi ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró gángan kì í pẹ́ kó tó kú, ìró pọ̀ nínú ìró rẹ̀, synth kò mọ èwo ni kó tẹ̀ lé nínú wọn. Ó ń fò bí tata. Ìgbà tí mo wá fi ẹnu kùn ún, tí mo ń wí "ẹ káàbọ̀" láì lanu, ó tẹ̀ lé mi wẹ́kú. Irun orí mi dìde. Àmọ́ mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí bọ́tìnnì tó ń gé ìró òkè àti ti ìsàlẹ̀ dànù yí síbi tó yẹ. Tí o bá ní sùúrù, òun ni kí o rà. Tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́la, má rà á.

Ẹni tó bá ní synth kò sí nínú orin Yorùbá, ẹ ní kó lọ gbọ́ àwo tí King Sunny Adé ṣe pẹ̀lú Island, ilé iṣẹ́ àwo orin, ní 1982. Ó ti pẹ́ tí àlejò yìí ti di ọmọ ilé.


Ọmọ Àyàn:

Ọmọ mi, mi ò mọ Korg, mi ò mọ Roland. Ọmọkùnrin mi ló ka ọ̀rọ̀ rẹ sí mi létí, òun náà ló ń bá mi kọ èyí. Ṣùgbọ́n inú ilé ìlù ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi àti bàbá rẹ̀, ìlù ni wọ́n lù.

Bí a bá ń lu ìyáàlù, ọwọ́ ọ̀tún ló di kọ̀ǹgọ́ mú tó ń na awọ. Ọwọ́ òsì wà lórí ọṣán. Ọwọ́ ọ̀tún kò mọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń ka iye ìgbà tí ẹnu yóò là. Ọwọ́ òsì ló ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá fún ọṣán, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Lórí gángan, abíyá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìwọ wá ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnnì bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló wá di ọṣán mú?

Ọmọ mi ní ẹ̀rọ yín ní nǹkan kan lápá òsì tí à ń tì sókè tí à ń fà sísàlẹ̀ tí ohùn fi ń yí. Ibẹ̀ ni kí ọwọ́ òsì rẹ máa gbé. Fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ẹyọ kan, kí ọwọ́ òsì máa wí ohun tó kù.

Nǹkan kan tún kù. Kì í ṣe gbogbo ibi ni ohùn ti ń yọ̀. Pe "dùndún". Ohùn rẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń gun òkè lórí "dún". Ó ń gùn ni, kò fò. "Bàtá" náà nìyẹn. Pe "pákò": ó ń ṣubú lórí "kò". Pe "ilé" wàyí: ó bọ́ láti àárín sí òkè tààrà, kò fà. Pe "gúdúgúdú", ìlù tí ohùn rẹ̀ kì í yí, orúkọ rẹ̀ náà kò yí. Ibi tí dò bá ti pàdé mí, tàbí tí mí pàdé dò, ibẹ̀ ni kí ọwọ́ rẹ ti fà á. Níbi tó kù, já a lé e. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń yọ̀, á dà bí ẹni tó mutí yó ló ń sọ̀rọ̀.


Atẹdùùrù Ìbàdàn:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí ẹ wí nípa ọ̀mùtí yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn nígbà tí mo tan portamento, èyí tó ń mú kí ohùn máa yọ̀ láti ìró kan dé òmíràn, sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ ń fà bí ikun imú. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí mo lè fi sọ fún synth pé ibi báyìí ni kí o ti yọ̀, ibi báyìí má yọ̀? Mo fẹ́ kí apá kan orin náà máa lọ fúnra rẹ̀.


Ọmọ Ṣàgámù:

Ọ̀nà wà, ó sì ti pẹ́. Roland TB-303, àpótí báàsì kékeré tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun ni àwọn ọ̀dọ́ Chicago ní Amẹ́ríkà fi dá orin ijó tí wọ́n ń pè ní acid sílẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé bí o bá ń to ìró sínú rẹ̀, o lè fi àmì "slide" sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe wù ọ́. Èyí tó ní àmì á yọ̀ wọnú èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tí kò ní á fò. Àwọn ará Chicago kò ní ọ̀rọ̀ kankan lọ́kàn, àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ ní ọdún àkọ́kọ́, mo ní gángan nìyí.

Monologue ní slide bẹ́ẹ̀ nínú sequencer rẹ̀, ibi tí o ti ń to ìró kó lè máa lù ú fúnra rẹ̀, tó ní ojú mẹ́rìndínlógún. Kọ gbólóhùn rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, wo ibi tí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti kanra, ibẹ̀ nìkan ni kí o tan slide sí. Àmì ohùn tí olùkọ́ fi na wá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn, ìwé orin ló jẹ́.

Ìró rẹ̀ ńkọ́? VCO ni apá tó ń dá ìró sílẹ̀, méjì ló ní. Fi VCO àkọ́kọ́ sí triangle, ìró tó rọ̀, sọ VCO kejì di noise, ariwo ṣáá tí kò ní ohùn, kí o sì dín in kù gan-an, ìyẹn ni kọ̀ǹgọ́ tó ń kan awọ. Ti filter, tó ń gé ìró òkè dànù, dé ìdajì. Kí envelope, tó ń darí bí ìró ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń kú, bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó sì tètè kú, àmọ́ má jẹ́ kó kú kí ìyọ̀ tó parí. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á gé ìró kúrú kó lè jọ ìlù, ohùn á sì ti tán kó tó gun òkè dé ibi tó ń lọ.


Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni mò ń darí akọrin ní ìjọ tiwa, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ni a ti sọ fún onígángan pé kó jókòó sílé nítorí kíbọ́ọ̀dù ti ní ìlù nínú? Atẹdùùrù, mi ò ní ìwọ lo ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń ṣe orin yìí, wá Àyàn kan, san owó rẹ̀ fún un, kó jókòó tì ọ́ fún ọjọ́ méjì. Ohun tí yóò kọ́ ọ kò sí nínú ẹ̀rọ kankan.

Kí o sì yan gbólóhùn tí àwọn ènìyàn ti mọ̀. Ohùn nìkan kò tó láti mọ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà Ìbàdàn á rántí ìlù tí rédíò ìjọba fi máa ń ṣíde láyé ọjọ́un. Orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò náà ni wọ́n fi ìlù wí, ní èdè Òyìnbó. Àmọ́ ohun tí àwa gbọ́ ní Ìbàdàn ni "B'Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọyè?" Ìlù kan náà ni o. Oríkì, òwe, ìkíni tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn nìyẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.


Atẹdùùrù Ìbàdàn:

Mà, ẹ ṣeun. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba, ìdílé Àyàn ni, a sì ti ṣàdéhùn owó. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀rọ gba ipò ẹnikẹ́ni.


Atẹdùùrù Ìbàdàn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin):

Mo padà wá ròyìn. Monologue ni mo rà. Bátìrì ni mo fi ń lò ó, ẹ̀gbọ́n Mushin, kò sí ìkùn kankan. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ kéré fún ìka mi, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni wọ́n, àmọ́ ẹyọ kan ni mo ń lò.

Mo ṣe bí Bàbá ti wí. Ọwọ́ òsì wà lórí ohun tí à ń tì yẹn. Mo ṣètò rẹ̀ kó lè lọ sókè ní semitone mẹ́rin (semitone kan ni ìṣísẹ̀ láti bọ́tìnnì kan dé èyí tó kàn án) kó sì lọ sísàlẹ̀ ní márùn-ún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá fi í sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń padà sí àárín. Àárín yẹn ni mo sọ di re, ohùn tí a kì í fi àmì sí lórí. Mo ń tì í fún mí, mo ń fà á fún dò. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń wí "ẹ káàbọ̀", ìyàwó mi sì dáhùn láti ilé ìdáná pé ta ló dé.

Mo ti fi ohun tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ síbí. Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ.


Ọmọ Àyàn:

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ẹ káàbọ̀" yẹn yè kooro, Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ. Ìyáàlù tiwa, ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ti ń sinmi, nítorí bí ọṣán bá dẹ̀, dò ló kù. Tìrẹ ń sinmi ní àárín. Ó yàtọ̀, àmọ́ kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Èyí tó wà ní ìparí, ṣé "ó dàbọ̀" lo fẹ́ wí? "Dà" yẹn ṣì ga jù, mo ń gbọ́ nǹkan mìíràn. O ń tẹ bọ́tìnnì kí ọwọ́ òsì tó dé ìsàlẹ̀. Jẹ́ kí ohùn ti "ó" máa ṣubú lọ, kí ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ kó dúró, kí o tó wá na "bọ̀". Gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọmọ mi tún gbé e sí mi létí ní alẹ́.