Ìkẹjà sí New York: wákàtí mélòó gan-an ni?

Àbúrò tó béèrè, má fi aago orí tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò bẹ́ẹ̀ lásán. Bí bàálù bá gbéra ní Ìkẹjà ní 11:30 alẹ́ nínú oṣù Keje, tó balẹ̀ sí JFK, pápákọ̀ òfurufú New York, ní 5:30 ìdájí, kì í ṣe wákàtí 6 ló lò. Nàìjíríà fi wákàtí 5 ṣíwájú New York nígbà ooru wọn. Fi kún un, ó di 11. Láti Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá títí di Sunday kejì oṣù Kẹta, wákàtí 6 ni ìyàtọ̀ náà. Àwọn ló ń yí aago tiwọn, tiwa kì í yí. Ibẹ̀ gan-an lẹni tó fẹ́ lọ pàdé èrò ní pápákọ̀ ti máa ń ṣì í.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ìlà tó kúrú jù tó bíi kìlómítà 8,440. Òun náà ni máìlì 5,250, òun náà ni 4,560 bó bá jẹ́ máìlì àwọn awakọ̀ òfurufú. Ẹ má rò pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irọ́. Máàpù tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń tan ojú jẹ: bíi pé ìlà tó tọ́ lórí rẹ̀ ni ọ̀nà tó kúrú jù. Ṣùgbọ́n ayé rí róbótó, ìlà tó kúrú jù yẹn sì gba orí Benin, Togo, Ghana, Burkina Faso, Mali, Mauritania àti Western Sahara, ó ju kìlómítà 2,700 lọ kó tó kan òkun. Ẹni tó bá gba London kọjá yóò rin bíi 10,540, láì tíì ka wákàtí tó máa fi jókòó de bàálù kejì.

— Ìpadàbọ̀ kì í pẹ́ tó àlọ, wákàtí 10 àti díẹ̀ ni. Ayé tó ń yí kọ́ ló fà á o, afẹ́fẹ́ àti ayé jọ ń yí ni. Ẹ̀fúùfù líle kan ló wà lókè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá sí ìlà-oòrùn. Bàálù tó ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ẹ̀fúùfù 100 bá kọjú sí i, 800 ló kù. Bó bá tì í lẹ́yìn, ó di 1,000. Nígbà òtútù wọn ló máa ń le jù. Àkókò tí bàálù fi ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀ wà nínú ti tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

— Ẹ ò tíì ka ọ̀nà Ìbàdàn mọ́ ọn, fún ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀! Fún bàálù 11:30 alẹ́, ẹ wà ní pápákọ̀ ní 8:30, torí kántà sábà máa ń tì ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ kúrò ní Ìbàdàn ní aago 3 ọ̀sán, kí gósílóò Bẹ́gà má baà ká yín mọ́. Bó bá jẹ́ Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ìsìn ń wọ́ lọ sí Redemption Camp, aago 12 ni kí ẹ gbéra. Rélùwéè tó ń gbéra ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn náà ń dúró ní Agége, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Ìkẹjà.