Ìwé kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí à ń ṣe ìsàmì fún

Ẹ̀yin ará,

Arábìnrin tó fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn wá lánàá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọpọlọ. Iṣẹ́ náà dáa. Orúkọ tí ẹ fún un ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní ohun tí à ń fi sáàárín ìwé ká lè mọ ibi tí a kà á dé ń jẹ́ "ìsàmìwé", ọ̀nà tí ẹ gbà rán an, èyí tí Òyìnbó ń pè ní cross-stitch, sì ń jẹ́ "ìránàgbélébùú". Ẹ sàmì fún ìwé tán, ẹ tún kàn án mọ́gi!

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti ní "ì" tó bẹ̀rẹ̀ ìsàmìwé tọ̀nà, pé òun náà ló wà nínú ìgbálẹ̀ àti ìborùn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n etí la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a kì í fi gírámà gbọ́ ọ. Ẹni tó bá dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ìsàmì tó mọ̀ ni omi lórí ọmọ. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò dá wa láàmú báyìí.

"Lébùú" nìkan ló dáa nínú àgbélébùú yẹn, torí ẹbí dábùú ni. Èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí: aṣọ Aida, aṣọ oníhò tí wọ́n hun fún irú iṣẹ́ yìí, ihò 14 nínú ínǹṣì kan, fọ́nrán méjì nínú mẹ́fà tó para pọ̀ di òwú náà. Òwú kan á dà sọ́tùn-ún, èkejì á dábùú rẹ̀. Gbogbo èyí tó wà lókè gbọ́dọ̀ dà síbì kan náà. Bí ẹyọ kan bá yà bàrá, kò ní dán bíi ti yòókù, ojú á sì máa lọ síbẹ̀ ṣáá. Kí ló kan àgbélébùú níbẹ̀? "Àrándábùú" ni kó jẹ́. Mo mọ̀ pé àrán tún ni aṣọ olówó ńlá. Ó sàn ju aràn lọ.

Ìyẹ́ adìyẹ ni ìyá ìyá mi ń fi sínú Bíbélì. Tí a bá bi wọ́n pé kí nìyẹn, wọ́n á ní, "Ibi-mo-dé mi ni, ẹ má yọ ọ́ o." Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Babátúndé ńkọ́, sà?

Arábìnrin, ẹ tún ní ẹ "ṣẹ́tí" iṣẹ́ náà. Ẹ ò ṣẹ́ ẹ rárá! Ẹ rán ìlà kan yí i ká kó má baà tú wọnú, ẹ wá ń fa òwú ìbú yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí etí méjèèjì fi di wajawaja. Wajawaja náà ló wà nínú Númérì 15:38. Alágbà tó ní ọ̀rọ̀ Bíbélì lásán ni wajawaja, pé Ìjẹ̀bú ní tiwọn, ẹ dákun, kí ni wọ́n ń pe èyí tó ń rọ̀ létí ìtagbè, aṣọ èjìká àwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni Ìjẹ̀bú? Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa bi yín rèé.