Mo ń díje fún ilé aṣòfin Minnesota, àwọn èèyàn wa ò tì mí lẹ́yìn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì MN
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò rí oorun sùn dáadáa.

Láti October 2023 ni mo ti ń polongo láti wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Minnesota lábẹ́ DFL, orúkọ tí ẹgbẹ́ Democrat ń jẹ́ níbí. Onítẹ̀síwájú (progressive) ni mo pe ara mi. Ẹni tó wà lórí àga ẹkùn wa ti pẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ní 2023 tí wọ́n ń jà lórí ìgbìmọ̀ tí yóò máa pinnu iye nọ́ọ̀sì tó yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gé apá yẹn kúrò nínú òfin, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn kan bá ń sáré láàárín aláìsàn mẹ́jọ lóru, tí agogo yàrá méjì dún pọ̀, tó sì gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ bá. Ìdí tí mo fi jáde nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn èèyàn wa. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbí, mi ò jẹ owó oṣù rí. Ní February 27, 2024, tí gbogbo àdúgbò ń ṣèpàdé láti yan dẹ́lígéètì, mo pe ọgọ́ta èèyàn lórí fóònù, mo bẹ̀ wọ́n. Mẹ́rin ló wá. Mẹ́rin! Obìnrin kan tí mo ra aṣọ ẹbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé ìjọba. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣètò ìpolongo ní kí n dín ohùn Ìbàdàn mi kù tí mo bá ń kanlẹ̀kùn láti bẹ̀bẹ̀ fún ìbò. Òun náà ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wa tó gbàdúrà fún mi ní December pè mí sí kọ̀rọ̀ ní March, ó ní òun ti gbọ́ irú àwọn tí mo ń bá rìn, kí n má dárúkọ ìbò nínú ìjọ mọ́. $6,000 ti jáde lápò mi. Ọkọ mi ò ní kí n má ṣe é, àmọ́ kò bi mí rí pé báwo ló ṣe ń lọ.

Ìpàdé tí ẹgbẹ́ máa fi yan ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ku ọjọ́ mọ́kànlá. Tí wọn ò bá yàn mí, ṣé kí n lọ títí dé ìbò abẹ́lé ti August 13, àbí kí n jáwọ́? Kí ni mo lè ṣe kí àwọn èèyàn wa jáde?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí àbúrò mi. Ó ra fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nílé ní 2022, mílíọ̀nù méjì náírà, fọ́ọ̀mù nìkan ṣá o. Ó ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìbò abẹ́lé ku ọ̀la, àwọn dẹ́lígéètì tó ti jẹun nílé rẹ̀ fún oṣù méjì lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tí alátakò rẹ̀ san owó rẹ̀. Ìbò mẹ́ta ló ní. Títí di òní, tó bá rí ẹni tó wọ fìlà ẹgbẹ́ yẹn, á yà sí òdì kejì títì. Ẹ ṣọ́ra.

Abíọ́dún Brooklyn Park
@Ọmọ Ìjẹ̀bú, ti ibí yàtọ̀. $100 péré ni owó ìforúkọsílẹ̀ fún ilé aṣòfin, láti May 21 sí June 4, 2024. Kò sẹ́ni tó ń ra fọ́ọ̀mù.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ìfọwọ́sí DFL gbọ́dọ̀ ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn dẹ́lígéètì. Ẹ ò sọ fún wa iye dẹ́lígéètì tó wà ní ẹkùn yín, ẹ ò sì sọ iye tó ti ṣèlérí fún yín. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti kí èèyàn borí ẹni tó wà lórí àga, ó ṣeé ṣe. Esther Agbaje, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, lé ẹni tó wà níbẹ̀ kúrò nínú ìbò abẹ́lé ní Minneapolis ní August 2020. Ilẹ̀kùn ló kàn, ilẹ̀kùn ló tún kàn.

Àdùkẹ́ Àgbà
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló ń tọ́jú àwọn ìbejì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ẹ fi ń kanlẹ̀kùn? Ọkọ tí kò bèèrè bó ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ wà níkùn rẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì í kí ẹ tó wá jókòó tì wá.

Ìyá Ìbejì MN
@Àdùkẹ́ Àgbà, ẹ ṣé mà. Àwọn ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ìyá ọkọ mi ń bẹ nílé pẹ̀lú wa. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló kọ ohun tí mo kọ yìí, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ọmọ. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo fi ń kanlẹ̀kùn. Mi ò fi ilé mi sílẹ̀ ṣòfò.

Bàbá Kúnlé Chicago
Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "progressive" dẹ́rù bà ọ́. Àwọn bàbá wa ti ṣe é kí a tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà. Afẹ́nifẹ́re ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tálákà ni mí, Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni mo fi mọ̀wé. Àwọn kan sọ nígbà náà pé owó orí á pa wọ́n, wọ́n sì fi ìbò já Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, kulẹ̀ láwọn ibì kan. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí Minnesota ń fún gbogbo ọmọ iléèwé láti 2023, kí ló yàtọ̀? Nígbà tó o bá ń bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀, pè é ní Afẹ́nifẹ́re, kí o sì rí bójú wọn á ṣe là.

Díákónì Olúwaṣeun
Bàbá, ẹ má bínú sà. Ti Awólọ́wọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ìyókù gbà wọlé. Pásítọ̀ wọn ò jẹ̀bi. Ara ìjọ náà ò gbọdọ̀ pín sí méjì nítorí ẹnì kan.

Bàbá Kúnlé Chicago
@Díákónì, ṣé ohun tó béèrè nìyẹn? Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti aláìsàn ló sọ. Ìgbà tí wọ́n bá gbé yín dé ọsibítù lóru, ṣé ẹ máa bi nọ́ọ̀sì tó wá bá yín léèrè ẹgbẹ́ tó wà?

Díákónì Olúwaṣeun
Mi ò bá yín jà, sà. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni mo sọ.

Ìyá Ìbejì MN
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà nítorí mi. Díákónì, ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ inú obìnrin, láàárín òun àti dókítà rẹ̀ ni. Mo ti rí èyí tó ti kú sórí ọ̀rọ̀ náà nílé. Mi ò ní parọ́ nítorí ìbò.

@Abíọ́dún, ẹ ṣeun. Èèyàn mẹ́rìnlélógójì ni mo ti bá sọ̀rọ̀ nínú àwọn dẹ́lígéètì. Owó ìwé ìpolongo ló ń dá mi dúró báyìí, ṣùgbọ́n àbúrò mi n'Íbàdàn ti ṣèlérí $3,000, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Alágbàwí Maryland
Dákun, Ìyá Ìbejì, má gba owó yẹn! Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, tí kò sì ní káàdì ìgbélùú, fi kọ́bọ̀ sí ìbò kankan, ti ìpínlẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní green card lè dáwó. Àbúrò yín tó wà n'Íbàdàn kò lè dá a. Ẹ má sì jẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí ọkọ yín kí ọkọ yín wá fi orúkọ ara rẹ̀ dá a, ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́: ọsibítù wo lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé ti aládàáni ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Owó àbúrò ẹni! Àwọn olówó ńlá ń kó mílíọ̀nù wọlé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Abíọ́dún Brooklyn Park
Ohun tí Alágbàwí sọ lòótọ́ ni. Ní 2024 yìí, tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn owó ìrànwọ́ ìjọba, ìyẹn àdéhùn pé ẹ ò ní ná ju iye tí òfin gbà lọ, ẹnikẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Minnesota tó dá $75 fún yín lè gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, $150 fún tọkọtaya. Ogójì èèyàn wa tó dá $75, $3,000 nìyẹn, láìbá òfin jà.

Alágbàwí Maryland
Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ọsibítù.

Àdùkẹ́ Àgbà
Ó ti lọ síṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ìyá Ìbejì MN
Ẹ máa bínú sí mi. Àbúrò mi ò tíì fi owó ránṣẹ́, mo ti ní kó dúró.

Ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì ni mo wà. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó mi, ọdún keje rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀gá mi fún mi ní lẹ́tà kan pé òfin kan wà tí kò gbà mí láyè láti díje. Mo rò pé ìlara ni, torí ìwé ìpolongo mi tí ẹnì kan rí. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé màá gba ìsinmi láìgba owó láti June títí ìbò á fi parí. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mi ò fi rí oorun sùn gan-an nìyẹn, kì í ṣe ti èèyàn mẹ́rin.

Alágbàwí Maryland
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Òfin Hatch ni, ó ti wà láti 1939. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ díje nínú ìbò tí ẹgbẹ́ òṣèlú fa èèyàn kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tọrọ owó ìpolongo tàbí gbà á, ì báà jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìsinmi láìgba owó ò yọ yín. Òṣìṣẹ́ wọn lẹ ṣì jẹ́. Èyí tí ẹ ti ṣe láti October náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé èèyàn níṣẹ́.

Kò tíì bàjẹ́ pátápátá. Ẹ dá gbogbo ìtọrọ owó dúró lálẹ́ òní. Ẹ kọ̀wé sí Office of Special Counsel, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin náà, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn, ẹ sọ òtítọ́ bó ṣe jẹ́. Ọ̀nà méjì ló kù: kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó máa bá a lọ, tàbí kí ẹ yọwọ́. Òfin náà kò kan ìbò tí kò ní ẹgbẹ́ nínú, bíi ìgbìmọ̀ iléèwé àdúgbò yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston
Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀! Àǹfààní kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.

Àdùkẹ́ Àgbà
Ìwọ lo máa bọ́ wọn? Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ kí ni ọkọ yín ń ṣe?

Ìyá Ìbejì MN
Ó ń wa Uber, mà. Orí iṣẹ́ mi ni ìtọ́jú gbogbo ilé wà, ti àwọn ọmọ àti ti ìyá rẹ̀.

Abíọ́dún Brooklyn Park
Owó ọdún aṣòfin níbí ní 2024 yìí jẹ́ $51,750, kí ẹ sì wọlé ná, January ni yóò bẹ̀rẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn ńkọ́? Ẹ má kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóru yìí.

Díákónì Olúwaṣeun
Àbúrò, ohun tí mo sọ lánàá, mo ṣì dúró lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jí ọkọ yín ní báyìí, kí ẹ sọ ọ́ fún un. Màá fi yín sínú àdúrà.

Ìyá Ìbejì MN
Mo ti sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní òun ò bèèrè bó ṣe ń lọ torí òun rò pé mi ò fẹ́ kí òun mọ̀.

Mo ti pa ojú ewé owó ìdáwó rẹ́, mo sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí Alágbàwí dárúkọ. Mo fẹ́ gbọ́ èsì wọn kí n tó bá alága ẹkùn wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé màá yọwọ́.

Àwọn mẹ́rin tó jáde ní February, mo pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Màmá kan wà nínú wọn tí wọ́n yàn ní dẹ́lígéètì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ogún ọdún tó ti wà níbí, ó ti rán aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé. Ó ní, "Ta wá ni kí n dìbò fún?" Mi ò tíì rí èsì fún un.