Ohùn àtọwọ́dá fún géèmù mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi nìkan ni mò ń ṣe géèmù kan. Ẹni 12 ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sówó òṣèré. Mo lo eSpeak NG, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè: ó dáa fún róbọ́ọ̀tì, àmọ́ ìyá arúgbó inú ìtàn náà wá ń dún bí ẹ̀rọ. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo fi Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, gbé e sókè sódò, gbogbo wọn ṣì jọ mí! Ohùn tí AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ń ṣe wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Steam, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù, ní ká máa kéde rẹ̀ fáwọn oníbàárà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sá. Báwo ni mo ṣe lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn, mo dúpẹ́ ṣáájú.